Ìpanu Kì í Ṣe Oúnjẹ Alẹ́

Ẹsẹ̀ awò ojú ló kán tí ìfẹ́ fi rí ọ̀nà wọlé. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà ló wọ ṣọ́ọ̀bù aláwò kan, ó di awò tó ti dá sí méjì mú, ó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ẹ jọ̀ọ́, sísí, ẹ bá mi tún un ṣe. Bí mi ò bá ríran, àwọn tí mò ń kọ́ á pa mí."

Sísí Aláwò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún awò náà ṣe, ó fi bọ ọkùnrin náà lójú.

"Háà! Ìgbà tí mo wọlé, mo rò pé ẹ kàn rẹwà díẹ̀ ni!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń yà sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ tó bá ti ṣíwọ́. Sísí ń pè é ní Tísà, òun náà ń pe Sísí ní "Ojú mi". Wọ́n á jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa pa ẹ̀pà jẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Sísí fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, tí kò bá tíì dé, iṣẹ́ kì í wọ̀ ọ́ lára.

Kí wọ́n tó lè fẹ́ra, ìyá Tísà ló kù kó fọwọ́ sí i. Màmá ní òun ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé Sísí, pé ẹnu lòun fi ń mọ ìyàwó.

Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n Tísà obìnrin pe Sísí lórí fóònù. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Sísí, ló bá tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta. Tísà jókòó tì í.

"Àbúrò mi, má wulẹ̀ ṣe ara ẹ léṣe. Màmá kì í jẹun líle lálẹ́. Ìpanu ni kó o ṣe, kó dùn, kó pọ̀. Tó o bá gbé ìkòkò ńlá síwájú wọn, wọ́n á ní o fẹ́ fi oúnjẹ ra ọmọ àwọn."

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. Mi ò ní gbàgbé oore yìí."

Tísà ń pa ẹ̀pà jẹ ní tiẹ̀.

Ọjọ́ pé. Sísí tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó din ẹja wẹ́wẹ́ títí ó fi ń dún kàrà lẹ́nu. Ó fi igi gún ẹran àti àlùbọ́sà, ó sun ún. Ó la ẹyin sísè, ó fi ata kún inú rẹ̀. Màmá dé pẹ̀lú Àǹtí àti Tísà, ó jókòó, ó ń tọ́ ìpanu náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fọ ọwọ́.

"Ó dáa. Ẹ gbé oúnjẹ wá."

Sísí wo Àǹtí.

"Màmá," ni Àǹtí wí, "bóyá òun náà nìyẹn."

"Òun náà kẹ̀? Èyí tí wọ́n fi ń tan ọ̀fun jẹ kí oúnjẹ tó dé? Ṣé ìpanu ló wá di oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n fi ń gbàlejò ìyá ọkọ?"

Sísí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Àǹtí ló ní ẹ kì í jẹun líle lálẹ́."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Èmi! Ẹ gbà mí o! Kò tíì wọlé, ó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá mi!"

Sísí yíjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. "Tísà, o wà níbẹ̀. O gbọ́ ọ. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

Tísà wo ìyá rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Mi ò rántí," ó ní.

Màmá dìde. "Ahun ni, òpùrọ́ sì tún ni." Tísà gbé báàgì ìyá rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn jáde.

Bàbá Sísí sọ̀rọ̀ títí. "Ọmọ mi, jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tí kò lè jẹ́rìí ẹ lórí ìpanu, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn gidi kàn ẹ́ ńkọ́?" Ṣùgbọ́n etí ẹni tí ìfẹ́ ń pa di pinpin. Tísà pè é. "Ojú mi, gbé oúnjẹ gidi wá fi bẹ Màmá. Mo bẹ̀ ẹ́." Ó rọrùn fún Sísí láti gbà gbọ́, torí ó fẹ́ gbà gbọ́.

Ó se ìrẹsì, ó se ọbẹ̀ adìẹ, ó gbé ìkòkò gbígbóná lé itan nínú ọkọ̀ títí dé ilé Màmá. Ẹ̀rín ni Màmá fi pàdé rẹ̀! Gbogbo wọn jẹ, wọ́n fọ́ eegun. Ọkàn Sísí balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Màmá lá ìka. "O mọ oúnjẹ sè. Mi ò ní purọ́." Ló bá kọjú sí yàrá. "Ìyàwó! Wá kó abọ́."

Ọmọge kan jáde, òrùka ń dán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó ọmọ mi nìyí. Ó ti pẹ́ tá a ti bá a tọrọ rẹ̀, ká tó wá jẹ ìpanu ẹ. Kò mọ oúnjẹ sè ni tiẹ̀. O ò ṣe máa wá kọ́ ọ?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọge náà, tí kò mọ nǹkan kan, kúnlẹ̀ fún Sísí. "Ẹ ṣé, àǹtí. Ọbẹ̀ yín dùn gan-an." Èyí ló dun Sísí jù.

Tísà gbé ìkòkò òfìfo tẹ̀lé e dé géètì.

"Mo rántí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tí Àǹtí sọ ni mo rántí. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni."

"Ó dáa, kí ló dé tó o tún ní kí n wá?"

"Mo kàn fẹ́ rí ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò mọ irọ́ mìíràn tí mo lè pa fún Màmá ju pé ìwọ lo ní o fẹ́ wá fi oúnjẹ bẹ wọ́n."

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn ẹ ju ẹ̀mí mi lọ."

Sísí wò ó títí. "Ká ní o sọ pé rárá ni, ǹ bá rí ìbínú dì mú lọ sílé."

Màmá ké láti inú ilé pé wọ́n ń dúró dè é. Tísà gbé ìkòkò kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Sísí, ó sáré wọlé.