Ohun Tí Mo Nù Kúrò Lára Fáàfù

Rédíò onípákó tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Adéjùmọ̀ ní Èjìgbò. Àwọn atúnrédíòṣe tó kù ti ní kí n gbé e jù nù. Òun ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, oní-fáàfù ni tiyín o.”

Ó fi àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀, tó ń pè ní fáàfù, hàn mí. Ó ní wáyà àárín rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, iná á wá máa fò láti ara rẹ̀ lọ sára irin tó yí i ká. Asẹ́ wáyà kan wà láàárín wọn. Ohùn tín-ín-rín tó bá kan asẹ́ yẹn ló ń darí iná púpọ̀, tí ohùn náà fi ń di ńlá.

“Kí ló tún wà níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ dànù. Tí afẹ́fẹ́ bá wọlé, wáyà á jó.”

“Ẹ ń ròyìn ẹ̀ bí ìyàwó.”

“Mi ò tíì ní ìyàwó.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bi mí pé ìwé mélòó ni mo kà. Mo ní mo parí girama. Irọ́ ni. Mi ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kan tí Adéjùmọ̀ lọ ra lẹ́ẹ̀dì tó fi ń lẹ wáyà, mo fi àkísà tútù nu gbogbo fáàfù orí pẹpẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn. Wọ́n ń dán. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ wọlé.

“Wàsílátù, nọ́ńbà ara wọn dà?” ni ìyá bi mí.

“Ìdọ̀tí funfun yẹn, mà? Mo ti nù ún.”

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. “Ẹni tó parí girama nìyẹn.”

Nọ́ńbà yẹn nìkan ni Adéjùmọ̀ fi ń mọ fáàfù tó bá rédíò kọ̀ọ̀kan mu. Mo jẹ́wọ́, mo mú báàgì mi.

“Irọ́ yẹn ló dùn mí, kì í ṣe fáàfù,” ni Adéjùmọ̀ sọ. “Má lọ.”

Ó mí èémí gbígbóná sára ọ̀kan. Nọ́ńbà náà yọ fírífírí nínú ìkùukùu ẹnu rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́.”

Ìyá mú bírò, ó sì tì í sí mi lọ́wọ́.

“Jókòó síbí. Èyí ni ẹẹ́fà. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi tún nu nọ́ńbà dànù mọ́.”