Elégbè Tí Ẹnikẹ́ni Ò Pè

Èèyàn mẹ́ta ló wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, èèyàn mẹ́ta ló sì jáde. Àmọ́ nígbà tí Elétí Ehoro, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ fún wọn, tẹ ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ohùn ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tí kò bá wọn wọlé.

Obìnrin ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ohùn Kòtò làwọn èèyàn ń pè é, torí bó bá sọ ohùn sílẹ̀ kọrin, èèyàn á rò pé inú kànga ló wà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ta gìtá, Baba Ìbejì ló ń lu ìlù. Inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láàárín táyà àti òórùn ọ́ìlì, pẹ̀lú gìtá tí iná rẹ̀ máa ń gbé èèyàn. Orin wọn le, ó sì ṣókùnkùn. Gìtá á máa bú ramúramù, ìlù á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, àwọn fúnra wọn á wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, orin ìyá àgbà rẹ̀ ni Ohùn Kòtò ń kọ, àwọn orin tí ìyá àgbà, alágbàfọ̀ paraku, máa ń kọ nídìí ọpọ́n ìfọṣọ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n. Ìyá ìyàwó Baba Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ rẹ̀ padà. Nígbà tí àwo-orin wọn kejì gbòde, tí gbọ̀ngàn ń kún, ìyá kan náà ló ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ọmọ aráyé ṣòro.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi bá a bọ̀ báyìí, ìjà kan ṣoṣo ni wọn ò sì parí. Àbúrò Ohùn Kòtò kì í lè dúró de àsìkò. Bí orin bá ti kàn án, á ti ta gìtá kí àyè rẹ̀ tó ṣí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì dá orin dúró, á ní, "O tún yára wọlé." Bó ṣe ń ta gìtá ló ṣe ń gun alùpùpù. Màmá wọn ti pariwo lórí alùpùpù yẹn títí ó fi sú u.

Lọ́dún kẹtàdínlógún yìí ni kókó kan hù sí Ohùn Kòtò lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní àfi kí wọ́n yára gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ó tún ní òun ò lè ṣèlérí pé ohùn ò ní bá a lọ. Wọ́n dá ọjọ́ Ajé fún un. Ohùn Kòtò dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì pinnu pé òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ohùn yìí ló fi di èèyàn. Ṣé kó wá máa fi ẹnu jẹ búrẹ́dì lásán ni? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba àwo-orin kan sílẹ̀ kíákíá, ohun tó bá gbẹ̀yìn ẹ̀ kó gbẹ̀yìn ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, àfi bíi pé igi ló ń bẹ̀.

Orin kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn nínú orin ìyá àgbà. Ìyá náà máa ń sọ pé ẹnì kan kì í dá a kọ. Ìbéèrè ni lílé rẹ̀, ègbè rẹ̀ sì ni ìdáhùn, èèyàn kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ kó má dúró gbọ́ èsì. Ohùn Kòtò ní kò sí wàhálà, òun á lé e, wọ́n á fi àyè ègbè sílẹ̀ lófìfo, tó bá di ọjọ́ kejì àbúrò òun á fi gìtá dí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé, "Ta ni yóò bá mi sá aṣọ yìí?" Baba Ìbejì gbé ọwọ́ kúrò lára ìlù. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ka oókan dé ẹẹ́jọ nínú ọkàn wọn, ó tún lé e.

Àyè tí wọ́n dákẹ́ sí yìí gan-an ni ohùn náà wà. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó fa imú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin arúgbó kan, tó sán láàárín bí àwo àtijọ́, dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ni. Mo ń bọ̀. Mo rọra ń bọ̀."

Elétí Ehoro ká ọwọ́ kò lórí ẹ̀rọ bíi pé ó gbóná. Ó yọ wáyà, ó pa fóònù gbogbo wọn, ó pa orin náà rẹ́, wọ́n sì tún un kọ. Arúgbó náà tún dáhùn. Baba Ìbejì, tí ò bẹ̀rù ìyá ìyàwó, ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn Kòtò nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí, ìyá àgbà ló wá mú òun, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ fa gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ màmá wọn. Ó bá a nídìí áyọ́ọ̀nù, torí iṣẹ́ ìyá àgbà lòun náà ń ṣe. Ó gbé fóònù tí wọ́n gba orin náà sí sí i létí. Màmá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó tún un ṣe. Áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan títí òórùn aṣọ jíjó fi gba yàrá, kò sì mọ̀.

"Èyí kọ́ ni ìyá mi," ló sọ nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Ìyá mi kì í fa imú kó tó kọrin. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo nà án títí, kò jáwọ́."

Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ìwọ ni. Ìwọ tó ti di arúgbó ni."

Orí gbogbo wọn wú. Ohùn Kòtò gba fóònù, ó gbé e sétí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Baba Ìbejì náà tẹ́tí, ó sì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ohùn náà: igi ìlù tó kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìkẹrin rẹ̀ bọ́ sórí orúnkún. Òun nìkan ló máa ń fi igi ka orin bẹ́ẹ̀, kò sì kà á lọ́jọ́ yẹn. Ó fọwọ́ pa orúnkún ara rẹ̀.

"Èmi ń kọ́?" ni àbúrò béèrè.

Wọ́n tún gbọ́ ọ. Kò sí gìtá níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí. Ó rẹ́rìn-ín tipátipá, ó ní bóyá òun lọ ra búrẹ́dì ni. Ẹnikẹ́ni ò bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, Ohùn Kòtò wọ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àbúrò rẹ̀ ta alùpùpù. Màmá kúnlẹ̀ nídìí aṣọ tó ń lọ̀, ó dúpẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni Ohùn Kòtò fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lanu kọrin, ohùn kànga ti lọ. Èyí tó jáde há, ó sì sán láàárín. Ó mọ ibi tó ti sán yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Wọ́n padà lọ bá Elétí Ehoro lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sì tún orin náà kọ pẹ̀lú ohùn tuntun yìí. Àbúrò rẹ̀ ní òun ò ní fi nǹkan kan dí àyè ègbè, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó ń làágùn. Elétí Ehoro tẹ ẹ̀rọ.

"Ta ni yóò bá mi sá aṣọ yìí?"

Igi kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ìkẹrin tó bọ́ sórí orúnkún, gìtá kan ti dún, jẹ́jẹ́, bíi pé ìka tó ń ta á ti le. Ẹnì kan fa imú. Ohùn arúgbó náà ò kọrin. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tọ́rọ̀ ti sú láti ọjọ́ pípẹ́.

"O tún yára wọlé."