Ẹyọ Kan Kì í Ṣe Sálúẹ̀ Kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn tó ra ẹfọ̀n Lamduan méjèèjì wá fà wọ́n lọ, kò lè jẹun. Ó jókòó sórí pẹpẹ igi tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí òpó, ó bu ìrẹsì gbígbóná nínú agbọ̀n, ó ń rún un títí ó fi di ìṣù lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi kan ẹnu. Ata àti ẹja kíkan wà níwájú rẹ̀, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Òpó tí wọ́n ń so àwọn ẹfọ̀n mọ́ ló tẹjú mọ́.

Wanida nìkan lọ́mọ tó bí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu ọmọ náà, ó sì ku ọdún méjì kó wọ ilé ẹ̀kọ́. Owó ẹfọ̀n wọ̀nyí ni owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Bí owó náà bá ṣòfò, kò sí ohun tí Lamduan tún lè tà mọ́ àfi ilẹ̀ ìrẹsì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ilẹ̀ yẹn ló sì ń bọ́ wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ fi ojú gé òpó yẹn lulẹ̀ ni?”

Saengdao ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ti gun alùpùpù dé, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

“Fi mí sílẹ̀ jàre,” Lamduan dáhùn. “Èmi ni mo gbẹ̀bí èyí àbúrò nínú wọn.”

“Wọn ò kú, wọ́n kàn di owó ni. Owó ọ̀hún ńkọ́? Ṣé abẹ́ ìrẹsì nínú àká lẹ tún fẹ́ rì í mọ́, bíi ti ìjọ́sí tí ikán fi ṣe àsè?”

Lamduan rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikán yẹn ò tíì tán nínú rẹ̀. “Ikán ò ní rí tèmi jẹ mọ́. Báńkì ló wà. Lọ́jọ́ Ajé, màá lọ sí ìgboro, màá fi ra wúrà wẹ́wẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní agbègbè Roi Et. Ẹni tó bá ta ìrẹsì tàbí ẹran, tí kò tíì nílò owó rẹ̀, wúrà pẹlẹbẹ kékeré ni yóò fi rà. Wọn kì í fi gíráàmù wọn wúrà. Báàtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, orúkọ kan náà tí owó wọn ń jẹ́. Wọ́n sì pín báàtì wúrà kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sálúẹ̀. Sálúẹ̀ ni tálákà ń rà. Bí ará Roi Et bá sọ pé òun ra wúrà kékeré kan, sálúẹ̀ kan ló rà, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè.

“Lọ́wọ́ Àǹtí Suwimon ọlọ́jà-wọ́n yẹn?” Saengdao yọ ṣùtì. “Ẹ wo èyí ná.”

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Nínú fóònù náà, obìnrin kan tó kun ojú bí ìyàwó tuntun ń fi páálí pupa kékeré kan han àwọn èèyàn, wúrà ń dán láàárín rẹ̀. “Ẹyọ kan rèé o!” ló ń pariwo. “Wúrà tó mọ́, tí ò ní àdàlù! Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ báàtì lẹ ń san ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni mò ń gba ẹyọ kan! Ó ń tán lọ o, ẹ̀yin ìyá mi!”

Òótọ́ ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni sálúẹ̀ ń lọ lọ́sẹ̀ náà.

Saengdao yọ ọ̀kan nínú irú páálí náà láti inú aṣọ àyà rẹ̀. Wọ́n fi ike bò ó pa, nọ́ńbà 1 gàdàgbà sì wà lára rẹ̀. “Sálúẹ̀ kan rèé. Èmi ti ra márùn-ún.”

Lamduan gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. “Ó mà fúyẹ́.”

“Ó mọ́ ni. Àdàlù ló ń mú wúrà wúwo.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ń tà á náà ni.”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo máa rí níbẹ̀? Ẹnu rẹ ń dán jù fún ẹni tó kàn wá kí mi.”

“Bí mo bá ta mẹ́wàá, wọ́n á fún mi ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?”

Lamduan ra ọ̀kan yẹn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sì jọ fẹnu kò pé bó bá ti báńkì dé lọ́jọ́ Ajé, yóò fi gbogbo owó ẹfọ̀n ra irú rẹ̀ sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó gba owó náà, ó dì í sínú gèlè, ó sì fi gèlè sínú àpò. Ó yẹ kó wọkọ̀ padà sílé. Ṣùgbọ́n òdìkejì báńkì ni ṣọ́ọ̀bù wúrà Àǹtí Suwimon wà, ojú sì ń tì í láti kọjá lọ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí rẹ̀ wà. Lọ́dún tí odò Chi kún bo oko wọn, tí ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn àìsàn, ṣọ́ọ̀bù yìí ni Lamduan gbé ẹ̀gbà ọrùn ìgbéyàwó rẹ̀ wá tà. Bàtà ọlọ́rọ́bà méjì ló wọ̀ wá, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì, torí omi ti gbé ti ọ̀tún lọ. Àǹtí Suwimon ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọn ẹ̀gbà náà lójú rẹ̀, ó ṣàlàyé pé owó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n san nígbà tí wọ́n rà á kò lè padà wá, ó sì ka ìyókù fún un láìyọ kọ́bọ̀. Ó bu tíì fún un. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé owó lo fẹ́ tọ́jú nígbà míì, ra wúrà pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbà wà fún ọ̀ṣọ́.” Láti ìgbà náà ni Lamduan ti ń ra sálúẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìkórè bá dára, tó sì ń tà á padà fún un bí ìnáwó bá dé. Ó rò pé ó yẹ kí òun fẹnu ara òun sọ fún un pé òun ti rí ibòmíràn. Ó ra máńgòrò díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọlé.

“Ìyá Wanida! Ẹsẹ̀ rẹ rèé!” Àǹtí Suwimon bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti fọmọ fọ́kọ láìpè mí?”

“Ẹ̀yin náà! Ọmọ tí ò tíì mọ ìrẹsì í sè. Máńgòrò ni mo mú wá.”

“Ẹni tó bá mú máńgòrò wá bá ọlọ́jà, ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Jókòó, kí o sọ ọ́.”

Lamduan sọ ọ́. Ó sọ pé kí wọ́n má bínú, pé ọjà wọn dára, ṣùgbọ́n nǹkan ti le, òun sì ti rí ibi tí ó ti dínwó. Ó fi páálí pupa náà sórí tábìlì gíláàsì.

Àǹtí Suwimon ò bínú. Ó gbé awò wọ̀, ó yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Wúrà ni,” ó wí. “Wúrà gidi ni.”

“Mo mọ̀!” Ọkàn Lamduan balẹ̀. “Mo kúkú mọ̀.”

“Kí ni wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀?”

“Sálúẹ̀ kan ni. Àbí ẹ ò rí nọ́ńbà kan gàdàgbà lára rẹ̀ ni, Àǹtí?”

“Mo rí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ńkọ́? Èyí tó rí bí ìwọ̀ ẹja yẹn.”

Lamduan tẹ̀ síwájú. Lẹ́tà òyìnbó kékeré kan ni. Kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ti rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

“Gíráàmù nìyẹn ń jẹ́,” Àǹtí Suwimon wí jẹ́jẹ́. “Gíráàmù kan. Kì í ṣe sálúẹ̀ kan.”

“Ṣé wọn ò dọ́gba ni?”

Àǹtí Suwimon ṣí àpótí gíláàsì, ó mú páálí kan tó jọ tirẹ̀ jáde, nọ́ńbà 1 wà lára òun náà. Iye tó lẹ̀ mọ́ ọn ni ẹgbẹ̀rún méjì àti igba báàtì. Lẹ́yìn náà ló mú wúrà sálúẹ̀ kan, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà gíráàmù lórí òṣùwọ̀n sáré kọjá ení, ó kọjá èjì, ó kọjá ẹ̀ta, ó dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó pé mẹ́rin.

“Tìrẹ ò lè kọjá ení,” ó wí. “Èèyàn máa kó bíi mẹ́rin irú rẹ̀ jọ kó tó pé sálúẹ̀.”

Lamduan di àpò rẹ̀ mú. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Owó ẹfọ̀n wà nínú àpò yìí.”

“Èló níbẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Owó Wanida. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fẹ́ san án.”

Àǹtí Suwimon dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bu omi tútù fún un. Lamduan mu ún, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù.

“Ó wà nínú àpò rẹ, kò tíì lọ,” Àǹtí Suwimon wí. “Ọ̀kan ṣoṣo lo ṣì rà. Orí ló kó ọ yọ, Ìyá Wanida.”

“Wọ́n sọ fún mi pé ó fúyẹ́ torí pé ó mọ́.”

Àǹtí Suwimon fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. “Wúrà tó bá mọ́ ló ń wúwo! Àwọn wọ̀nyí á pa mí lẹ́rìn-ín kú.” Lamduan náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

“Ó dáa, Àǹtí. Ẹ gba owó yìí. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ wọn sálúẹ̀ fún mi.”

“Mi ò gbà á.”

“Ẹ ń bínú sí mi.”

“Mi ò bínú. Ọdún méjì péré ló kù kí ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́. Wúrà ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè owó ló sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Da owó ọdún àkọ́kọ́ padà sí báńkì. Èyí tó kù, ra díẹ̀ lónìí, kí o tún padà wá ra díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Bí o bá sì fẹ́ rà níbòmíràn, lọ rà á. Kó ṣáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lójú rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni Lamduan ṣe.

Nígbà tó délé, Saengdao ti ń dúró dè é, ó gbójú lé ẹyọ ọ̀fẹ́ rẹ̀. Inú bí i nígbà tó gbọ́. “Oníṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ yin ọjà ẹlòmíràn, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò ṣe lo làákàyè?”

Lamduan ò bá a jà. Ó gbé wúrà sálúẹ̀ tó rà bọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Saengdao, ó gbé páálí pupa sí tòsì. “Èyí wo ló wúwo?”

Saengdao wọ̀n wọ́n lọ́wọ́, ó tún wọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Márùn-ún ni mo rà,” ó wí. “Mo sì ti tà fún Ìyá Thongsuk àti ìyàwó Bunlert.”

“Dìde. A jọ ń lọ ni.”

Wọ́n jọ dé ilé Ìyá Thongsuk àti ti ìyàwó Bunlert. Ìyá Thongsuk bú Saengdao dáadáa, ó sì tún fún un ní oúnjẹ. Gbogbo wọn kó páálí wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gba ẹ̀sùn wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣí ike ara páálí náà, kí wọ́n sì tọ́jú fọ́nrán tí obìnrin yẹn ti ń polówó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n rí apá kan owó wọn gbà padà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Wanida ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Suwimon, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì tẹrí ba. Àǹtí Suwimon ní òun ò ṣe nǹkan kan. Lamduan ní, “Ẹ kọ̀, ẹ ò gba gbogbo owó wa, Àǹtí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá fẹ́ fi wúrà tọ́jú owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní “ẹyọ kan”, ẹ bi í pé: ẹyọ kan kí ni? Bí àmì kan bá wà lára rẹ̀ tí ẹ ò lè kà, ẹ wá ẹni tó lè kà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n kéde fún wúrà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń tà á ní iye tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sá fún un. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì kó gbogbo owó ọmọ sínú wúrà. Bí wọ́n bá ti tàn yín jẹ, ẹ tètè lọ fi ẹjọ́ sùn, kí aládùúgbò yín má baà kó sí i.

Bí ẹ bá sì pàdé ẹni tó sọ òótọ́ fún yín lọ́jọ́ tí irọ́ ì bá mú èrè wá fún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín mọ orúkọ rẹ̀.