Àpò Erùpẹ̀ Mẹ́wàá

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í tán ní kíláàsì, dúró létí oko bàbá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti àpò ọ̀rá mẹ́wàá. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ní kí ó bu erùpẹ̀ níbi mẹ́wàá, láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí. Oòrùn ń ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é láti ojú títì pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe máàkì nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti gba ìlú ńlá lọ, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, nítorí pé ọ̀gbàrá ti gbá ojú ilẹ̀ lọ, àgbàdo kò sì ṣe dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní bí oko bá tún gbọ́ bùkátà, òun á padà. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń wo ilẹ̀ bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. Láràárọ̀, á fi imú sí ìborùn tí ìyá fi sílẹ̀; òórùn ara ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀.

Ó wo òkè, ó wo títì. Ó bá yà sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń da eérú àti èèpo sí tipẹ́tipẹ́, tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ kún àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sáré lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì jáde: ilẹ̀ náà lọ́ràá, kò nílò ajílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ibi tí òun ti bù ú, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn ń fẹ́ kì í ṣòroó gbà gbọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń ro ibi tí òun máa gbé bẹ́ẹ̀dì òun sí. Bàbá àgbà náà gba èsì gbọ́. Ó ní kí aládùúgbò máa kó ajílẹ̀ tí òun ti ṣètò lọ, ó sì gbin àgbàdo sí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Àgbàdo ga dé orúnkún, kò lọ mọ́. Ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Òjò ńlá méjì péré, ọ̀gbàrá la àárín oko já. Bàbá àgbà jókòó sórí kùkùté, ó ní bóyá ojú òun ló ti darúgbó tí òun kò fi rí ọ̀rá inú ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún ọmọ náà lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bu gbogbo rẹ̀."

Arúgbó náà já ewé àgbàdo kan. "Ìwọ lo máa sọ fún ìyá rẹ," ó ní. "Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. "Mo ti di ẹrù mi," ni gbogbo ohun tí ìyá wí kí fóònù tó já.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Olùkọ́ fagi lé máàkì rẹ̀, ó sì fún un ní àpò mẹ́wàá mìíràn. Èsì tòótọ́ burú: orí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yanrìn lásán. Òun àti bàbá àgbà wá kọ ebè dábùú òkè kí ọ̀gbàrá má baà ráyè sáré. Wọ́n gbin ẹ̀wà kí ó bo ilẹ̀, wọ́n kó ìgbẹ́ adìẹ àti koríko tó ti jẹrà sí i. Bàbá àgbà ní ẹ̀yìn òun ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá òun gbé ìyẹn náà lọ sí yàrá ìwádìí.

Ọdún méjì kọjá. Ìsàlẹ̀ oko ti ń so. Orí òkè ṣì ń gba ìtọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ nípa erùpẹ̀ àti ìtọ́jú ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá béèrè lórí fóònù bóyá oko ti tó padà sí. Bó ti wu Ọ̀jọ̀gbọ́n tó láti sọ pé ó ti tó! Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀.

"Kò tíì tó, Màámi. Ó ku ọdún kan, bóyá méjì."

"O ṣeun tí o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá dáhùn. "Màá dúró dè é."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti wá yé e pé irọ́ lè mú ohun tí à ń wá sún mọ́ wa lójú lásán, ṣùgbọ́n òtítọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó, òun nìkan ló lè mú un délé.