Ẹ Kú Iṣẹ́ Òru

"Màmá, ṣé kì í rẹ ẹni yẹn ni?"

Ọmọ mi ló béèrè. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó fi etí ti ògiri. Mo ní, ẹni wo? Ó ní, "Ẹni tó ń lu ilẹ̀."

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ìdáhùn tí ọmọ náà wá rí gbà nígbẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti wá.

Ohun tí mo ń kọ yìí, ìṣojú mi ló ṣe. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì lá a. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sàn-án, kó bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Àdúgbò wa kì í ṣe àdúgbò aláriwo. Ìlà ilé méjì ni, wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀nà tóóró wà láàárín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun téèyàn máa ń gbọ́ kò ju ajá kan lọ, àti géètì tí wọ́n ń tì, àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Aránṣọ ni mí. Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló fara ti yàrá ọmọ mi, a kì í sì í ti ilẹ̀kùn àárín wọn, torí mo máa ń fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí. Òun nìkan ni mo bí. Mo dúró dè é títí kó tó dé. Ìyá ọkọ mi a máa sọ pé bí ọmọ náà bá sín, èmi ni mo máa ń wọ aṣọ òtútù. Òun ló sì sọ ọmọ náà ní Oníbèéèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti ń kó àwo oúnjẹ alẹ́ kúrò nílẹ̀, òun a máa wọ bàtà. Ìdájí ló máa ń wọlé, tìyẹ̀funtìyẹ̀fun, bí ẹni tí ewú bo irun ojú rẹ̀ mọ́jú. Nítorí náà, lóru, àwa mẹ́ta la máa ń wà nílé.

Alẹ́ tí ìró náà kọ́kọ́ dún, atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Mo ń ṣẹ́tí aṣọ kan lọ́wọ́.

Gbìì.

Kò jọ ìbọn. Kò jọ àrá. Ó wúwo, ó kúrú, abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. Àwọn píìnì tó wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi gbọ̀n, wọ́n dún ṣẹẹrẹ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ibi pa lọ́lọ́. Ajá yẹn, tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀, kò gbó.

Ó tún dún. Ó ń dún bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́.

Láàárọ̀, oníkálukú ti ní àlàyé tirẹ̀. Àwọn kan ní táyà ọkọ̀ ńlá ló bẹ́. Àwọn kan ní tíráńsífọ́mà ni. Sójà, aládùúgbò wa tí kò ṣiṣẹ́ ológun rí, tó jẹ́ pé ìrìn rẹ̀ ló fún un lórúkọ, ní òun mọ ìró ìbọn dáadáa, èyí kì í ṣe ìbọn. Ìyá ọkọ mi bi í léèrè pé ìbọn ibo ló mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní ti inú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọlọ́pàá wá lọ́sàn-án, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní bó bá tún dún ká pè wọ́n. Ó dún. A pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, ojú sì tì wá.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí obìnrin bá dá wà nílé lóru, eku á di erin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Oníbèéèrè fi bi wá léèrè bóyá kì í rẹ ẹni yẹn. Ìró náà ṣì jìnnà nígbà náà, lápá ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá ọkọ mi dúró, ó ń gbọ́ ọ. Gbìì. Ó sinmi. Gbìì. Ó sinmi. Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó rántí ohun tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́.

"Iṣẹ́ ló ń ṣe," ó wí.

Kí n tó mọ ohun tó ń rò, ó ti ṣí fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò pariwo, bí ìgbà téèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í gba ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ kọjá ká má kí i. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a lè kí ohun tí a kò rí.

Ìró náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dún lẹ́ẹ̀mejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó gbé ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dáhùn.

Gbì. Gbì.

"Ó ní, 'Ò o,'" ni ọmọ mi wí. Ó fi orí lélẹ̀, ó sùn.

Èmi ò sùn. Mo bá ìyá ọkọ mi ní pálọ̀. Mo ní, "Ìyá, ta lẹ kí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tí ẹ ò mọ̀ lẹ ń kí lóru?"

"Ṣé ẹni téèyàn mọ̀ nìkan ni iṣẹ́ ń rẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ wa. Ó kúrò ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó dé abẹ́ ilé Sójà. Ó dé ẹnu géètì wa. Nígbà tó yá, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ní ẹ̀yìn ògiri tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi fara tì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Lálaalẹ́ ni ìyá ọkọ mi ń kí i. Lálaalẹ́ ló ń dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ipa ẹsẹ̀. Kò sí ihò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kàn mọ́ tónítóní, bí ẹni pé wọ́n gbá a.

Ìyá ọkọ mi ní kí èmi náà kí i. Mo kọ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ohun kan ń lu ilẹ̀ lójú oorun rẹ̀, kí n wá máa kí i kú iṣẹ́?

Mo bẹ ọkọ mi pé ká kó kúrò. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ààrò ibi iṣẹ́ wọn bàjẹ́, òun náà sì wà nílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó sí yàrá ọmọ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Gbìì. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Tòní tiẹ̀ rọra ṣe," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí i."

Kò lè kí i. Àmọ́ láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní fún ọmọ náà sí pálọ̀, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Inú Oníbèéèrè kò dùn sí ẹní yẹn. Ó ní pálọ̀ móoru. Ó ní bẹ́ẹ̀dì òun ń pe òun. Mo ní kó má dá a lóhùn.

Ó wá di alẹ́ kan, ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, mò ń retí ìró náà. Kò dún. Mo retí rẹ̀ títí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le ju ariwo lọ. Ìyá ọkọ mi yí padà lórí àga gígùn, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ lóde. "Kò tíì dé?"

Mo ní kò tíì dé. Oorun gbé mi lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, mo na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ẹní náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ó ti padà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kí n tó dìde, ó dún. Kì í ṣe láti ìta. Inú ilé ni, inú yàrá ọmọ mi. Gbogbo ilẹ̀kùn mì. Agolo píìnì mi já bọ́, píìnì tú ká gbogbo ilẹ̀. Mo fò dìde.

Ọmọ mi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wọ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nílẹ̀, ó di ojú kan, bí ọmọ tí wọ́n jí pé kó múra ilé ìwé. Ẹ̀rù ò bà á.

"Ó ní kí n dìde," ó wí.

"Ta ni?"

"Ẹni yẹn. Ó ní ó ti rẹ òun."

Mo fà á mọ́ra. Orí rẹ̀ wà ní àyà mi nígbà tí ògiri náà wó. Kò dún bí ìró yẹn rárá. Ó rọra wó, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà eruku bò wá, afẹ́fẹ́ òru sì gba inú yàrá wọlé.

Ọkọ mi dé ní ìdájí pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú. Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà. Búlọ́ọ̀kù ló wà níbi tí ìrọ̀rí máa ń wà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, ìyẹ̀fun náà sì di lẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

A pe bíríkìlà kan tí a kò mọ̀ rí, tí òun náà kò mọ nǹkan kan nípa wa. Ó wa ìpìlẹ̀, ó rí páìpù omi tó ti ń jò sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ẹrọ̀fọ̀ ni ògiri yẹn dúró lé. Ó ní ó yẹ kó ti wó tipẹ́, òun ò mọ ohun tó gbé e dúró. Ó wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìdí síbí ìrẹ́lé rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dún kan-kan, bí òkúta. Ó tún kàn án. Ó gbójú sókè wò wá.

"Ta ló bá yín lu ilẹ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ lálẹ́ ọjọ́sí gan-an ni. Lu ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí ẹni tó ń bínú ni mo ń gbọ́ ọ, bí ẹni tó fẹ́ fọ́ nǹkan. Mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni, pé àwọn tó ń kọ́lé máa ń lu ilẹ̀ kó lè le, kó lè gba ilé dúró.

A ní a ò mọ ẹni tó lù ú. Bíríkìlà náà ní òun ò rí ilẹ̀ tí wọ́n lù dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ibi líle náà kò gba gbogbo ẹ̀yìn ògiri. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi gùn dé náà ló gùn dé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò.

"Ẹni náà ṣiṣẹ́," ó wí. "Ẹ bá mi kí i."

Ìyá ọkọ mi ní a ti ń kí i. Ó sì wò mí.

Wọ́n ti mọ ògiri tuntun. Páìpù ò jò mọ́. Láti alẹ́ yẹn, ìró kankan ò dún ní àdúgbò wa, àwọn èèyàn sì ti ń gbàgbé. Sójà ti ń sọ pé òun ló lé e lọ. Ọmọ mi nìkan ló ṣì ń béèrè lálaalẹ́ pé ṣé ó ti sinmi. Lálẹ́ òní, bí a ṣe ń kó àwo, ìyá ọkọ mi ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìkòkò ò dáhùn. Mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Ọkọ mi kò lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ yìí. Mo dúró kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ kí n tó ṣí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ló wọlé. Òkùnkùn náà dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ni kí n pè é ni àbí ìyá. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe wá sẹ́nu mi.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣé. Ọmọ náà wà láàyè. Ó jẹun dáadáa lónìí."

Kò sí nǹkan kan. Mo ti fèrèsé, mo wá jókòó sídìí tábìlì ìránṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ọkọ mi ti ń hanrun. Ìyá ọkọ mi ti dákẹ́ àdúrà láàárín gbólóhùn, bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi ló pẹ́ jù. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ kan ògiri tuntun náà. Ní báyìí, mímí rẹ̀ ti gún.

Àwọn píìnì inú agolo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ilẹ̀ ò mì, ìró kankan ò dún. Ó rọra ṣe, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà, níbi ọmọ ẹlòmíràn, tó gbórí sókè láti dáhùn.

Ṣẹẹrẹ. Ṣẹẹrẹ.

Kò sí ẹni tó jí.