Ọwọ́ tó Bo Orúkọ Alùpùpù

Òórùn ló kọ́kọ́ kọ arúgbó tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì lóminú. Àwòrán tí obìnrin kan gbé kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ ti lé lógójì ọdún, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, síbẹ̀ òórùn bẹntiróòlù tútù ń jáde lára rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní bí ẹ bá ti rí àwòrán alùpùpù àtijọ́, ẹ ó dárúkọ rẹ̀, ẹ ó tún dárúkọ ìyá tó bí i."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń tún alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Bó bá ti rí bí táńkì ṣe yọ ikùn, tó sì rí ibi tí páìpù èéfín gbà, ó parí.

"Ta ló gùn ún yìí?"

"Bàbá mi ni. Ó gùn ún jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò rí i mọ́, a ò rí alùpùpù. Bí mo bá mọ irú èyí tó jẹ́, màá lè máa bèèrè rẹ̀ kiri. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, ibẹ̀ ni màá ti wá egungun bàbá mi. Ara ìyá mi ò yá, ó ní òun ò fẹ́ kú láì mọ̀."

Ojú Àwòdì tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ọkùnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ara táńkì, ó bo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ò ni í lára. Ìdérí táńkì lojú rẹ̀ dúró lé: idẹ ni, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ ló rí láyé. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, lára alùpùpù kan lábẹ́ tapólì, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbi tí obìnrin náà jókòó.

"Norton ni," ló wí.

Obìnrin náà yí àwòrán dà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó tún yí i padà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Bàbá, ṣebí ọwọ́ ló wà níbí lẹ́ẹ̀kan?"

Ọwọ́ náà ti kúrò. Ó ti wà lórí itan ọkùnrin náà, lẹ́tà mẹ́ta sì hàn gedegbe lára táńkì: BSA, kì í ṣe Norton. Ojú ọkùnrin inú àwòrán náà, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ tẹ́lẹ̀, ti kọjú sí arúgbó náà gan-an.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi," ni arúgbó náà wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó ká tapólì kúrò lórí alùpùpù náà. Obìnrin náà fọwọ́ kan ìdérí idẹ náà. Kò sunkún.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Létí kòtò jíjìn kan, nítòsí afárá àtijọ́. Ó dá dúró síbẹ̀. Mo tì í wálé."

"Torí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ la ò ṣe wá a débẹ̀. Ẹ ò bojú wo inú kòtò náà ni?"

"Mi ò wò ó."

"Kí ló dé?"

Arúgbó náà sorí kọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lórí eékún, àyàfi èyí.

"Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń kérora nísàlẹ̀," ló wí. "Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ ni."