Ọkọ̀ tí Anas Lè Nà Gbọọrọ Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ní láti ká ẹsẹ̀ Anas kò kí ilẹ̀kùn takisí tó lè pa dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tí wọ́n bí mọ́ ọn ti dà á láàmú láti ìdájí, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń ro ó bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn ní Ọ̀yọ́ ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí káàdì rẹ̀ wà.

Ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan. Hajarat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọkùnrin kan tó gbé àpò gààrí lé orúnkún fún ara rẹ̀ mọ́ wọn. Gbogbo ìgbà tí taya bá ti já sí kòtò ni Anas ń ké.

"Àǹtí Hajara, ẹ jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Kò sí àyè ni, Anas. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Wọn kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé rárá. Tirélà kan ń fà lọ níwájú wọn lórí òkè, takisí náà kò sì ní agbára tó lè fi ré e kọjá. Hajarat ń wo aago. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n lò, àbúrò rẹ̀ kò sì na ẹsẹ̀ títí wọ́n fi gbé e bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Hajarat mú ọkọ̀ tí òun yóò rà láyé.

Kì í ṣe pé Hajarat kò mọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní SS3, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti ń lọ sí ọgbà mẹkáníìkì Ọ̀gá Ògúnlànà ní Òwódé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló kọjú sí ọgbà náà. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lẹ́yìn ògiri kíláàsì wọn, ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan tó fún un láti dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kálukú fẹ́. Daniel fẹ́ jíìpù. Moyọ̀sọ́rẹ fẹ́ ọkọ̀ eré-ìje onílẹ̀kùn méjì, pupa.

"Ìwọ ńkọ́, Hajara?"

"Wágìn."

"Wágìn kẹ̀? Tí wọ́n fi ń gbé òkú?" Daniel dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí. "Ẹ yà fún Hajara o! Ó ń gbé bàbá àgbà bọ̀ láti mọ́ṣúárì!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan," ni Hajarat wí. "Jíìpù ga jù. Tó bá yà ní kọ́nà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa yí síbí yí sọ́hùn-ún. Ti Moyọ̀, èèyàn méjì ló ń gbà, kò sí ibi tí báàgì kan fẹ́ wọ̀ sí. Wágìn balẹ̀, ó ń di ọ̀nà mú. Tẹ́ ẹ bá dojú àga ẹ̀yìn délẹ̀, àgbàlagbà á nà gbọọrọ níbẹ̀, orí rẹ̀ ò ní kan nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan nǹkan kan. Ẹ wá fi ẹ́ńjìnì tó le sí i, onípísítìnì mẹ́jọ. Kò sí tirélà tó máa dá a dúró lórí òkè. Ẹ dárúkọ ọkọ̀ mìíràn tó lè ṣe méjèèjì, kí n gbọ́."

"Òkú á tètè dé sàréè nìyẹn," ni Moyọ̀sọ́rẹ fèsì.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Mọ́ṣúárì. Kò sọ̀rọ̀ Anas fún wọn. Anas kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa àìsàn òun.

Irú ọkọ̀ tí Hajarat ń sọ kò jìnnà sí i. Ọ̀kan wà nínú ọgbà Ọ̀gá Ògúnlànà gan-an. Láti Jámánì ló ti wá, ó ti forí sọ igi kí Ọ̀gá tó rà á, ọdún méjì gbáko ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Hajarat wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e padà ní ìparí oṣù kìíní. Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ bí wọ́n ṣe ká Anas kò nínú takisí, ó rọra sọdá títì wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ.

"Ìyá Hajara, ọ̀rọ̀ takisí ti parí. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ara ọmọ yìí bá tún yí padà, ẹ pè mí. Wágìn ni yóò gbé e."

Ìyá Hajarat kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ọ̀gá wá yíjú sí Hajarat.

"Injiníà, tuntun ni ẹ́ńjìnì yìí ṣì jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà jẹ́jẹ́. Èmi gan-an ò ní tẹ̀ ẹ́ sáré. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, Ọ̀gá lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ìbàdàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Hajarat pé kó tan wágìn náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni Daniel àti Moyọ̀sọ́rẹ yọ.

"Mọ́ṣúárì, òun nìyí?" Daniel yí ọkọ̀ náà po. "Ṣé ó tiẹ̀ lè rìn? Àbí àwọn tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn ló máa bọ́ọ́lẹ̀ tì í?"

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni Moyọ̀sọ́rẹ wí. "Ẹnu lásán ni. Kò lè wà á."

Hajarat lè wà á. Ọ̀gá ti kọ́ ọ nínú ọgbà. Ó wo ẹnubodè, kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wọlé," ló wí.

Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n jáde láàárín ìlú, tí títì na gbọọrọ níwájú, Hajarat tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ náà fò síwájú bí ohun tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yìn Daniel lẹ̀ mọ́ àga. Wọ́n ré bọ́ọ̀sì kan kọjá, wọ́n ré tirélà méjì kọjá, wágìn náà kò mì. Gbogbo ohun tí Hajarat sọ ní kíláàsì ló rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ọwọ́ atọ́ka ooru ẹ́ńjìnì títí tó fi wọ inú pupa.

Èéfín funfun bo gíláàsì. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n bẹ omi lọ́wọ́ àwọn ará abà kan, wọ́n dúró kó tutù. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Àwa ò rí nǹkan kan o," ni Daniel wí nígbà tí òun àti Moyọ̀sọ́rẹ ń gun ọ̀kadà. "Tí wọ́n bá bi wá, a ò débí."

Hajarat fi ìrìn ìgbín dá ọkọ̀ náà padà. Ó ti gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ohùn ẹ́ńjìnì, kíkì, kíkì, kíkì. Ó nu ara ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀gá dé, ó béèrè bóyá ó tan ọkọ̀, Hajarat ní òun tàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi rédíétọ̀ ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ fúrúfúrú. Hajarat mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú ẹ́ńjìnì ni omi ń gbà lọ. Orí ẹ́ńjìnì ti wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣí i láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé ní kùtùkùtù kó lè kọ́kọ́ yà sí ọgbà mẹkáníìkì, kó pọn omi sínú rẹ̀ kí Ọ̀gá tó dé.

"Injiníà, omi wágìn ńkọ́?"

"Ó pé, sà."

Ó sì pé lóòótọ́, torí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló múra láti jẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, oníbàárà kan wà níbẹ̀. Ìgbà kejì, Ọ̀gá ń bínú sí ọmọṣẹ́ kan. Ìgbà kẹta, Ọ̀gá nìkan ló jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, Hajarat sì gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá ọgbà. Ó rí i pé ẹjọ́ ọjọ́ kan ti di ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Aládùúgbò wọn kan tó ní bọ́ọ̀sì wá fún ìyá rẹ̀ ní nọ́ńbà fóònù, pé bí nǹkan bá ṣe Anas, kí wọ́n pe òun. "A dúpẹ́ o," ni ìyá Hajarat dáhùn. "A ti ní ọkọ̀." Hajarat gbọ́ ọ, ó ń ká aṣọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Anas fúnra rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn wágìn náà láti dán an wò.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan kan!"

Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, Hajarat ń ti iléèwé bọ̀ ní aago méjì kọjá díẹ̀, ó rí wágìn náà níwájú ilé, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ti jókòó níwájú. Anas nà sẹ́yìn lórí tìmùtìmù. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn ún lọ́tẹ̀ yìí. Orí ń fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Dókítà ilé ìwòsàn ìtòsí ní ká máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ká má fi àkókò ṣòfò rárá," ni Ọ̀gá wí. "Bọ́ sẹ́yìn, kó o gbá a mú."

Hajarat wọlé. Ọ̀gá pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé mọ́ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n fi ń ṣí i láti inú. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó sì rí bọ́ọ̀sì mẹ́ta láti ojú gíláàsì, wọ́n ń pe èrò Ògbómọ̀ṣọ́. Gbólóhùn kan péré ni, wọn ì bá sì gbé Anas sínú ọ̀kan nínú wọn. Ó la ẹnu.

"Ọlọ́run ló máa bá mi san án fún yín, Ọ̀gá," ni ìyá rẹ̀ ń sọ níwájú. "Ọlọ́run á bá mi san án."

Ó pa ẹnu dé. Bóyá yóò gbé wọn dé, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Bóyá yóò gbé wọn dé.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́, ó gbọ́ kíkì, kíkì, kíkì. Ohùn náà ń le sí i. Ó di orí Anas mú, ó ń ka òpó iná tí wọ́n ń kọjá, ó ń retí. Kí wọ́n tó dé Odò Ọba, èéfín bo iwájú, ẹ́ńjìnì náà sì kú.

Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò pariwo.

"Hajarat." Kò pè é ní Injiníà. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, sà. Èmi ni mo wà á. Mo tẹ̀ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ń ju gèlè rẹ̀ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Àwọn bọ́ọ̀sì ti kún. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ dẹwọ́ eré. Wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n fi dúró nínú oòrùn kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ kó ẹ̀gẹ́ ní Iresa tó gbé wọn. Orí àwọn àpò òfìfo ni wọ́n tẹ́ Anas sí. Nígbà náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Dókítà tó gbà wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ọpọlọ rẹ̀. Ó béèrè aago tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ó mi orí. "Ọ̀nà ni ẹ ti pẹ́ jù," ló wí. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún Anas lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí rẹ̀ sì dúró.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ọ̀gá Ògúnlànà fi ṣí orí ẹ́ńjìnì náà, tó fi tún un ṣe, tó fi dé e padà. Hajarat kà á. Wíwà tó wa ọkọ̀ náà jẹ́ àìgbọràn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Bó bá ti sọ òótọ́ ní ọjọ́ tó dé láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, wọn ì bá nà án, ojú ì bá tì í, wágìn náà ì bá sì ti wà ní sẹpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí Anas tó nílò rẹ̀. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ni kò ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹ kò mọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ bà jẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún Anas kò ṣiṣẹ́ mọ́.